Ariwo atẹ́gùn àti ti táyà lórí ọ̀kadà: kí lojú yín ti rí?

Tíṣà Òkè-Ògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní abúlé kan lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, ilé mi sì wà nínú ìlú Ọ̀yọ́. Boxer ni mo ń gùn lọ, òun náà ni mo ń gùn bọ̀, torí ẹni tó bá ní kóun máa dúró de mọ́tò láàárọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, àwọn ọmọ á ti wọ kíláàsì kó tó dé. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ti epo, kì í sì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ etí ni. Nígbà tó yá, bí mo bá délé nírọ̀lẹ́ tí mo pa máṣíìnì, ohun kan á ṣì máa dún yìnnn nínú etí mi títí n ó fi sùn. Ìyá àwọn ọmọ á pè mí láti yàrá, n kò ní gbọ́. Mo lọ rí dókítà etí. Ó ní àwọn nǹkan tín-ín-tín kan wà nínú etí lọ́hùn-ún, pé àwọn ló ń gba ìró ránṣẹ́ sí ọpọlọ, pé ariwo ńlá tó bá ń lù wọ́n lójoojúmọ́ á pa wọ́n, èyí tó bá sì ti kú nínú wọn kò tún hù mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù gidi.

Kí n tó náwó sí i, mo fẹ́ mọ ibi tí ariwo náà ti ń wá. Mo wá ibi tí ọ̀nà ti tọ́ gbọọrọ, tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn. Mo fa kílọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ kí máṣíìnì máa fi eré tó ti ní tẹ́lẹ̀ yí lọ. Ariwo kò dín. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Mo tẹ orí ba títí àgbọ̀n mi fẹ́ẹ̀ kan táǹkì. Ariwo lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo wá dìde díẹ̀ lórí ibi ìtẹ̀sẹ̀ kí orí mi lè yọ sínú atẹ́gùn tó ń bọ̀ tààrà. Níbẹ̀, fùùù kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́, hẹ́límẹ́ẹ̀tì kò gbọ̀n. Ibi tí mo máa ń jókòó sí gan-an ni orí mi ti ń bọ́ sínú atẹ́gùn tó dàrú.

Gíláàsì oníke tí mo dè síwájú nítorí òjò ló ń dà á rú. Atẹ́gùn á gun gíláàsì náà dé òkè, á já níbẹ̀, á wá máa yí po lu hẹ́límẹ́ẹ̀tì mi. Mo tú u kúrò. Àyà mi ń gba atẹ́gùn báyìí, mo sì ń wọ jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ṣùgbọ́n etí sinmi. Ohun tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ni pé bí eré bá ti kọjá nǹkan bí kìlómítà 65 ní wákàtí kan, ariwo atẹ́gùn lára hẹ́límẹ́ẹ̀tì ti borí ti ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń lọ ra sálẹ́ńsà tuntun nítorí etí tó ń dún lẹ́yìn ọ̀nà jíjìn, kó kọ́kọ́ wo ọrùn rẹ̀ ná.

Mo ní ọrùn, torí ìsàlẹ̀ hẹ́límẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ àgbọ̀n àti lẹ́yìn etí, ni ariwo ti ń wọlé jù. Láti oṣù kìíní ọdún 2009 tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ti fi dandan lé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ọlọ́kadà kan tilẹ̀ dé igbá nígbà náà, púpọ̀ nínú èyí tí à ń rà, nítorí ojú àwọn òṣìṣẹ́ wọn la ṣe ń rà á. A kì í wọ̀n ọ́n wò. Èyí tó bá ń mì lórí, afẹ́fẹ́ á ráyè wọlé yípo etí. Mo ra èyí tó mú mi lẹ́rẹ̀kẹ́ dáadáa, mo sì ń fi mọ́fúlà wé ọrùn títí dé abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ ki etí mọ́fúlà náà bọ inú jákẹ́ẹ̀tì o, ẹ má jẹ́ kó máa fẹ́ lẹ́lẹ́, torí bó bá gùn tó sì wọ inú ṣéènì tàbí wíìlì, ọ̀rọ̀ ti di ti ikú nìyẹn. Aṣọ lásán yìí ṣe ju ohun tí mo rò lọ.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín.

Onítáyà Ògbómọ̀ṣọ́

Tíṣà, ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi ò mọ púpọ̀ nípa atẹ́gùn ojú, ti inú táyà ni iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti nọ́ọ̀sì kan tó gbé máṣíìnì wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní bẹ́árìn iwájú ti bàjẹ́, pé ó ń hu hùùù-hùùù bóun bá ti ń sáré. Wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́árìn náà fún un níbòmíràn, ó ṣì ń hu. Mo gbé máṣíìnì lé dọ́bù sítáàńdì, mo gbé iwájú kúrò nílẹ̀, mo fọwọ́ yí wíìlì. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bẹ́árìn tó bá bàjẹ́ á máa kùn nígbà tí wíìlì bá wà lókè pàápàá, ẹ ó sì gbọ́ ọ tí ẹ bá fọwọ́ kan fọ́ọ̀kì. Táyà kì í dún àfi tó bá kan ilẹ̀.

Mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà náà láti iwájú lọ sẹ́yìn, ó ń yọ̀. Mo rà á láti ẹ̀yìn wá síwájú, gbogbo eyín rẹ̀ ń kọ́ mi lọ́wọ́ bí eyín ayùn. Ibi tí ariwo wà nìyẹn. Etí kan eyín kọ̀ọ̀kan ti jẹ ju etí kejì lọ, nítorí náà eyín kọ̀ọ̀kan ń já lu ọ̀dà bó ṣe ń yí. Mo fi géèjì sí i: atẹ́gùn inú rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tó yẹ. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ á máa gbọ̀n, eyín rẹ̀ á máa rọ́ síwá sẹ́yìn lójú ọ̀dà, á sì jẹ wọ́gọwọ̀gọ. Ṣọ́kì tó ti kú náà ń fa irú rẹ̀. Táyà tó bá ti jẹ báyìí, fífún un ní atẹ́gùn kò ní tún un ṣe mọ́. A pààrọ̀ rẹ̀, hùùù tán.

Lórí Boxer, PSI 25 lójú géèjì ni mo ń fún iwájú, 28 fún ẹ̀yìn béèyàn bá ń dá gùn ún, 32 bó bá ń gbé èrò. Ẹ wo ìwé máṣíìnì tiyín, kì í ṣe ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ní kí n lù ú le kó má bàa tètè jò, n kì í dá a lóhùn, torí táyà tó le jù á máa ta lórí òkúta, á sì máa gbé gbogbo gbígbọ̀n ọ̀nà wá sọ́wọ́ ẹni tó ń gùn ún.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ràn táyà oníkókó, èyí tí eyín rẹ̀ tóbi tó sì fẹ̀ síra wọn, ariwo rẹ̀ lójú ọ̀dà kì í ṣe àìsàn. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Eyín ńlá ń lu ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ń há sáàárín wọn ó sì ń tú jáde. Àgbẹ̀ tó ń gbé iṣu jáde láti oko lásìkò òjò, n kò ní sọ fún un láé pé kó yọ táyà yẹn nítorí ariwo. Ẹ̀mí rẹ̀ ló wà nínú eyín táyà yẹn nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í kúrò lójú ọ̀dà láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin, kí ló ń fi oníkókó ṣe?

Ọmọ Ṣakí

Ẹ̀gbọ́n onítáyà, mo ra táyà tuntun, ó ń dún ju ti àtijọ́ lọ. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Bọ̀dá Kétu

Ẹ kú àárọ̀ láti ìhà Bẹ̀nẹ̀ o. Mo gun zém, ọ̀kadà àwa ará ibí, fún ọdún púpọ̀. Tèmi kò pọ̀. Àwọn agbòòrùn ńlá tí wọ́n ń rì mọ́ máṣíìnì, ó dára nínú ìlú, nínú oòrùn àti nínú òjò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e bọ́ sójú ọ̀nà tó já, ẹ ti gbé ìlù lé orí ara yín, atẹ́gùn á sì máa fà yín síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọkọ̀ ńlá bá kọjá. Mo máa ń tú tèmi kí n tó jáde nílùú. Èkejì, ẹ wo okùn tí ẹ fi ń de hẹ́límẹ́ẹ̀tì lábẹ́ àgbọ̀n. Bí etí rẹ̀ bá gùn sílẹ̀, á máa gbá hẹ́límẹ́ẹ̀tì pá-pá-pá lẹ́bàá etí yín gan-an. Ẹ ká a wọlé. Gíláàsì ojú tí kò bá pa dé tán náà ń súfèé. Ẹ tì í pa pátá tàbí kí ẹ ṣí i dáadáa, ẹ má fi í sí agbede méjì.

Àǹtí Kent

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ń gba ọ̀nà ńlá M20 wọlé lórí máṣíìnì. Gbogbo ohun tí Tíṣà sọ ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi kún un: fóòmù etí, èyí kékeré tí a ń ki bọ ihò etí. Kò sí hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún un, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Àwọn tó ti fi ẹ̀rọ wọn ariwo nínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì rí i pé ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ó ń tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 95 sí 100. NIOSH, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́, ní kí ẹnikẹ́ni má gba 85 ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bó bá fi 3 lé sí i, ẹ dá àkókò náà sí méjì. Nítorí náà 88 jẹ́ wákàtí 4, 94 jẹ́ wákàtí 1, 100 sì jẹ́ ìṣẹ́jú 15 péré. Ìrìn àjò mi láti ilé dé ibi iṣẹ́ ti kọjá ìyẹn. Bí mo ti rí ìṣirò náà, n kò gun máṣíìnì lọ sójú ọ̀nà ńlá láìki fóòmù bọ etí mọ́.

Ọ̀pọ̀ ń ní kò ṣiṣẹ́ fún àwọn torí pé wọn ò tì í wọlé dáadáa. Ẹ fi ìka méjì yí i títí á fi tín-ín-rín. Ẹ gbé ọwọ́ kejì gba orí kọjá, ẹ fi fa etí sókè, kí ihò rẹ̀ lè tọ́. Ẹ wá tì í wọlé, kí ẹ fi ìka dì í mú títí á fi wú kún ihò náà. Bó bá wọlé dáadáa, ohùn ara yín á yí padà létí yín. Òwú kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má tan ara yín. Ẹ̀yin tó sì ń ki ohun èlò orin sétí kí ẹ má bàa gbọ́ atẹ́gùn, tí ẹ wá ń gbé ohùn rẹ̀ sókè borí atẹ́gùn, ẹ ń da ariwo lé ariwo ni.

Tíṣà Òkè-Ògùn

Àǹtí, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbẹ̀rù mi kan ni tírélà. Bí mo bá di etí, ṣé n ó gbọ́ bó bá fọn fèrè lẹ́yìn mi?

Àǹtí Kent

Ẹ ó gbọ́, sà. Fóòmù ń gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ pọ̀ ni, atẹ́gùn àti fèrè. Láìsí i, atẹ́gùn ló ń bo fèrè mọ́lẹ̀, etí á sì ti rẹ̀ kí ẹ tó dé ìdajì ọ̀nà. Èmi ń gbọ́ ọkọ̀ àwọn aláìsàn báyìí kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sì gba ojú lọ́wọ́ yín, ẹ máa wo díńgí. Nínú ìlú tí eré kò ti pọ̀, tí àwọn èèyàn ń sọdá, mo máa ń yọ ọ́.

Onítáyà Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ Ṣakí, kì í ṣe gbogbo táyà tuntun tó ń dún ni wọ́n fi rẹ́ni jẹ. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wàá rí ọfà kan tó ń tọ́ka sí apá tí táyà gbọ́dọ̀ máa yí sí. Bí ọfà náà bá kọjú sẹ́yìn, wọ́n ti fi sódì nìyẹn, kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n sì yí i padà. Lẹ́yìn náà wo nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ sápá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù á ti gan, táyà tó gan a sì máa dún, kì í sì í di ilẹ̀ mú nínú òjò. Bí ọfà bá tọ́ tí ọdún náà kò sì jìnnà, wọn atẹ́gùn rẹ̀ láàárọ̀ kí o tó gùn ún rárá, torí bó bá ti gbóná, nọ́ńbà tí géèjì máa sọ fún ọ á ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ṣì ń dún lẹ́yìn gbogbo èyí, sọ orúkọ táyà náà àti irú eyín tó ní fún wa níbí.