Ẹfun kọ́ ni eérú: kí ni ká máa pe lime àti lye?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni ká máa pe lime (òkúta tí iná ti mú, tí wọ́n fi ń mọ ògiri) àti lye (omi mímú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ) ní Yorùbá, èrò mẹ́ta ló sì ti jáde. Ẹni àkọ́kọ́ ní ká pe méjèèjì ní eérú, nítorí iná ló bí wọn, àwọn méjèèjì ló sì ń jó ènìyàn lára. Ẹnì kejì ní ká pe lime ní ẹfun, ká pe lye ní omi eérú, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ẹnì kẹta ti ń túmọ̀ ìwé kan lórí ilé kíkọ́, ó sì kọ ọsàn wẹ́wẹ́ síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lime. Ti ẹnì kẹta yìí kò le rárá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi orúkọ kan ṣoṣo pe èso àti ohun tó ti inú òkúta jáde. Ẹni tó bá kà á pé kí wọ́n po ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ iyanrìn láti fi mọ ògiri á ti mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ti ẹni àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ bá fà á, torí ó dà bí òótọ́ létí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe lime. Òkúta ẹfun (limestone) ni wọ́n ń kó sínú ìléru, tí iná á mú un títí ooru ibẹ̀ á fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òkúta yẹn kì í jóná bí igi ṣe ń jóná. Gáàsì carbon dioxide tó wà nínú rẹ̀ ni iná ń lé jáde. Bí òkúta náà bá mọ́ dáadáa, 100 kìlógíráàmù tó wọ ìléru, 56 ni yóò jáde; 44 yòókù ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ gbé èyí tó kù wò, ẹ ó rí i pé odidi ló ṣì wà, igun rẹ̀ àti ojú rẹ̀ kò yí padà, ó kàn fúyẹ́ ni. Ibo ni eérú wà níbẹ̀?

Ẹ wá wọ́n omi sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ lè rò pé kò sí nǹkan kan tó fẹ́ ṣẹlẹ̀: á kàn fa omi náà mu, ojú rẹ̀ á sì gbẹ padà. Ó ṣe díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣìì, á sán láàárín, á wú, ooru omi gbígbóná á máa rú jáde láti ojú sísán náà. Ó lè gbóná débi tí omi tó wà lára rẹ̀ á fi máa hó. Nígbà tó bá rọlẹ̀ tán, òkúta ti tú, ó ti di lúbúlúbú funfun tó kúnná. 56 kìlógíráàmù yẹn ti gbé omi 18 kìlógíráàmù mì, bí omi kò bá sì pọ̀ jù, gbígbẹ lẹ máa bá lúbúlúbú náà. Tí wọ́n bá wá pò ó mọ́ iyanrìn àti omi láti fi mọ ògiri, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń gba gáàsì tí iná lé jáde padà láti inú afẹ́fẹ́, á sì tún di òkúta. Eérú kì í padà di igi.

Omi eérú ńkọ́? Eérú igi ni wọ́n ń dà sínú ìkòkò tí wọ́n lu ihò sí nídìí. Wọ́n á ti tẹ́ koríko gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí eérú má bàa bá omi lọ, wọ́n á wá máa bu omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń ro sísàlẹ̀ máa ń pọ́n bíi tíì, ó sì máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Yíyọ̀ yẹn kì í ṣe ti omi lásán: ọ̀rá ara awọ wa ló ti ń sọ di ọṣẹ. Ẹyin ni àwọn aṣeọṣẹ àtijọ́ fi ń wọn agbára rẹ̀. Bí ẹyin bá rì, omi náà kò tíì mú, wọ́n á dà á padà sórí eérú mìíràn tàbí kí wọ́n sè é kó fà. Bí ẹyin bá léfòó tí orí rẹ̀ yọ díẹ̀, ó ti tó. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi yẹn ni potassium carbonate; potassium inú rẹ̀ ti wà nínú igi kí iná tó dé bá a. Iná kàn jó ìyókù kúrò lórí rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ìtàn méjì ni. Nínú ọ̀kan, iná yí òkúta padà di nǹkan mìíràn. Nínú èkejì, iná tú ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ síta, omi sì sẹ́ ẹ jáde.

Iṣẹ́ wọn sì tún yà ju ìtàn wọn lọ. Ẹ da lúbúlúbú funfun yẹn, èyí tí màá máa pè ní ẹfun amumi, sínú omi lítà 1: kò ní tó gíráàmù 2 tó máa yòrò, ìyókù á gẹ̀dẹ̀ sísàlẹ̀. Lítà omi kan náà lè gba kọ́sítíìkì sódà, ìyẹn lye ayé òde òní, tó ju kìlógíráàmù 1 lọ. Ìdí nìyí tí ẹfun kò fi lè mú bíi lye láéláé, kódà bí ẹ bá da odidi àpò sínú omi. Pé kò mú tó bẹ́ẹ̀ sì ni àǹfààní rẹ̀. Àgbẹ̀ lè fi í dín bí ilẹ̀ ṣe kan kù, wọ́n lè fi kun ògiri, wọ́n lè fi yọ irun kúrò lára awọ ẹran kí wọ́n tó ṣe awọ náà, wọ́n lè fi tọ́jú omi ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni kò ní da kọ́sítíìkì sódà sí oko. Òun ni wọ́n fi ń sọ igi di ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìwé, òun ni wọ́n fi ń la ojú ìṣàn omi tó dí, òun náà ni wọ́n fi ń yọ alumíníọ̀mù jáde nínú òkúta rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1888. Bẹ́ẹ̀, bí ẹnì kan bá rọ omi kọ́sítíìkì yìí sínú abọ́ alumíníọ̀mù, á jẹ abọ́ náà, á sì tú gáàsì hydrogen tó lè gbaná jáde.

Ọṣẹ ló máa ń tú àṣírí wọn jù. Epo pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà, ọṣẹ líle nìyẹn. Epo pẹ̀lú ti pọ́táàṣì, ọṣẹ rírọ̀. Epo pẹ̀lú ẹfun amumi? Ọṣẹ kan á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní yòrò, kò sì ní hó. Gírísì tí wọ́n fi ń pa ara ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe. Ìbátan rẹ̀ ni ìdọ̀tí funfun tó máa ń léfòó nígbà tí ènìyàn bá fi ọṣẹ fọ aṣọ nínú omi líle. Ẹ fi eérú tú lime, kẹ́ ẹ tún fi eérú tú lye, nínú ìwé ìlànà ọṣẹ ṣíṣe, ẹ ó rí ohun tí òǹkàwé yín máa bọ̀ jáde láti inú ìkòkò.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé wà, òun gan-an ló sì pa èrò àkọ́kọ́ yìí. Láti ayébáyé ni àwọn aṣeọṣẹ ti ń da ẹfun amumi sínú omi eérú. Wọ́n mọ̀ pé ó máa ń jẹ́ kí omi náà mú sí i. Wọn ò mọ ìdí. Joseph Black, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló làdí rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1756: gáàsì kan wà lára ohun tó wà nínú omi eérú, gáàsì yẹn ni kì í jẹ́ kó mú, ẹfun jíjó (èyí tó ti ìléru jáde) sì ti pàdánù irú gáàsì kan náà sínú iná, nítorí náà ó ń wá a. Bí wọ́n bá pàdé, ẹfun á gba gáàsì mọ́ra, á padà di lúbúlúbú òkúta, á gẹ̀dẹ̀ sísàlẹ̀. Omi tó kù lókè ti di kọ́sítíìkì pọ́táàṣì, òun ló ń jẹni lára. Ẹ wá fi èrò àkọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀: «Bu eérú sínú omi eérú kí omi eérú lè mú, kí eérú sì rì.» Mi ò mọ ẹni tó máa kà á tó máa yé.

Ó ku èrò kejì, tí mo gba ìdajì rẹ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú nípa ẹfun ni pé nǹkan méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wa. Ẹfun tó jẹ́ amọ̀ funfun wà, ẹfun tó jẹ́ òkúta funfun tàbí ìyẹ̀fun rẹ̀ sì wà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Bí ẹ bá sun amọ̀ funfun nínú ìléru láti àárọ̀ títí di alẹ́, ohun tó máa jáde kò ní bá omi jà. Ìkòkò lẹ fi í ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó kán fínígà sí i: òkúta ẹfun á hó, amọ̀ á kàn tutù. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà á ṣiṣẹ́ yẹn, kí ẹnì kẹta lè rí nǹkan mú relé.

Nítorí náà, mi ò ní jẹ́ kí ẹfun dá dúró. Òkúta ẹfun ni kí òkúta náà máa jẹ́. Èyí tó ti ìléru jáde, ẹfun jíjó. Èyí tó ti gbé omi mì, ẹfun amumi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní kí a pè é ní ẹfun tútù, orúkọ tó dùn ni, nítorí omi ti rọ ooru rẹ̀ lójú lóòótọ́. Àmọ́ gbígbẹ ló máa ń wà nínú àpò, ẹni tó bá ka tútù lára àpò á ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Èyí tí àgbẹ̀ ń wọ́n sí oko, lọ́pọ̀ ìgbà òkúta tí wọ́n kàn lọ̀ ni, iná kò kàn án rárá: lúbúlúbú òkúta ẹfun nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo wọn ní lime, bẹ́ẹ̀ ẹ lè fi ọwọ́ lásán bu èyí tí wọ́n kàn lọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹfun jíjó bá ta sí ènìyàn lójú, omi púpọ̀ ni kí wọ́n máa dà sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣahun, kò yẹ káwa náà ṣahun.

Ti lye, omi eérú dára fún èyí tó bá ti inú eérú wá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́sítíìkì sódà ayé òde òní, omi iyọ̀ ni wọ́n ń fi iná mànàmáná là láti fi ṣe é. Kò sí ẹ̀ka igi kankan nínú ìtàn rẹ̀. Wọ́n lè dá mi lóhùn pé orúkọ pọ́táṣíọ̀mù náà, eérú inú ìkòkò ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́, láti 1807 tí Humphry Davy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ti yọ ọ́ jáde, pé alkali fúnra rẹ̀ wá láti ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó ń tọ́ka sí eérú ewéko, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lónìí kò gbọ́ eérú nínú wọn mọ́. Yorùbá tó bá gbọ́ omi eérú, ìdí ààrò ni ọkàn rẹ̀ ń lọ, á sì rò pé bí òun bá ta omi sí i á rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé kọ́sítíìkì ló yẹ kó rọra bù sínú omi, kì í ṣe omi ló yẹ kó dà lé kọ́sítíìkì.

Kọ́sítíìkì sódà àti kọ́sítíìkì pọ́táàṣì ti wà lẹ́nu àwọn tó ń lò wọ́n. Kí wọ́n máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tá a bá wá orúkọ kan tó máa kó gbogbo wọn mọ́ra, omi ajẹ-ọ̀rá ni màá dábàá, torí jíjẹ ọ̀rá ni iṣẹ́ tí gbogbo wọn jọ ń ṣe. Ẹ má pa fáwẹ́lì ibẹ̀ jẹ, kó má di ajọ̀rá: ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sí i á kà á bí àwọn tó jọra, èyí tí a ti ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sọ pé wọn kì í ṣe. Káún ní tirẹ̀, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á bó ṣe wà, ó ní orúkọ tirẹ̀; ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fà á wọ ìjà yìí.

Èyí tó tíì ń bá mi jà ni soda lime. Ó wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú aláìsàn sùn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un: hóró funfun wẹ́wẹ́ tó ń gba carbon dioxide kúrò nínú èémí kí aláìsàn lè tún mí i sínú. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ẹfun amumi, wọ́n wá fi omi àti kọ́sítíìkì sódà díẹ̀ sí i kó lè tètè ṣiṣẹ́. Ẹfun onísódà ni mo ti ń kọ fún un. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó mú un wá.