Ìdáhùn: “ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́” kọ́ o, bẹ́ẹ̀ ni “arùṣà” kọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ká wá orúkọ Yorùbá fún Luce Indigenous Knowledge Fellowship, owó tí First Nations Development Institute ń fún àwọn onímọ̀ láàrin àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ká sì wá orúkọ fún ẹni tó ń gbà á. Àbá kan tó kọ́kọ́ wọlé ni “ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ọmọ onílẹ̀”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín! Ẹni tó bá ti kọ́lé rí l'Ékòó, bó bá gbọ́ “ọmọ onílẹ̀”, owó fáńdéṣọ̀n ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kò ní rántí ẹ̀yà Navajo tàbí Lakota. “Onímọ̀ ìbílẹ̀” tó wa.

“Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́” gan-an ni mo bá jà. Ẹni tí kò tíì mọ̀ là ń fún ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Francisco Aguabella, onílù bàtá ọmọ Matanzas ní Kúbà, gba National Heritage Fellowship, owó ẹ̀yẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀, lọ́dún 1992. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà yẹn. Ta ló tún fẹ́ kọ́ ọ ní bàtá? “Ìdàpọ̀”, tí wọ́n máa ń fi túmọ̀ “fellowship”, ni ká má tilẹ̀ dárúkọ, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé wa lọ.

“Ìgbọ̀wọ́” ni tèmi. Ẹnì kan mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ ìda mọ́ ojú ìyáàlù bàtá kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò ló ń wà jẹun látàárọ̀ dalẹ́. Owó yìí ni yóò jẹ́ kó ráyè jókòó ti ọmọ tó fẹ́ kọ́ ọ.

Ó wá ku orúkọ ẹni tó ń gbà á. Ẹni tó dá “arùṣà”, ìyẹn ẹni tó ń ru àṣà, ṣe iṣẹ́ o, àmọ́ ẹrù là ń rù. Àṣà, jíjogún là ń jogún rẹ̀. “Arọ́kin” dùn létí mi, torí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ pé ìdílé tí Aláàfin ń bọ́ ni wọ́n, kí wọ́n lè máa pa ìtàn ìlú mọ́. Ìgbọ̀wọ́ kúkú nìyẹn. Iṣẹ́ ìtàn la fi mọ̀ wọ́n ṣá. Kí ni ká wá pe ahunṣọ àti alágbẹ̀dẹ?

Mo rò pé “àgbà ọ̀jẹ̀” ti wà nílẹ̀. Lóòótọ́, ilé eégún ló ti jáde, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni rédíò ń fi pe òṣèré, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ẹ̀kú. Ibi tó ti ń dí mi lọ́wọ́ ni pé bí ẹni tó gbà á bá jẹ́ ọmọ ọdún 28 ńkọ́? Ṣé ká yọ “àgbà” kúrò, kó ku “ọ̀jẹ̀”?