Kí ló dé tí wúrà kéékèèké ń gba CO mọ́ra tó báyìí?

Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Mo ní kátálíìsì méjì (èròjà tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá), wúrà lórí TiO₂ (titanium dioxide, ìyẹ̀fun tó gbé wúrà náà dúró), ìwọ̀n wúrà inú wọn dọ́gba. Hóró wúrà ti àkọ́kọ́ jẹ́ nánómítà 3, ti èkejì jẹ́ 12. Ìyẹ̀fun èkejì yìí tiẹ̀ pọ́n bí àlùkò. Mo fẹ́ gáàsì CO (carbon monoxide) sí méjèèjì. Bí hóró bá fi ìlọ́po 4 kéré, ojú tí gáàsì lè bà lé á pọ̀ ní ìlọ́po 4, àbí? Ohun tí mo rí sún mọ́ ìlọ́po 20! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe. Níbo ni mo ti ṣì í?

Bàbá Láàbù: Àdùkẹ́, má ka ojú nìkan, ka etí àti igun. Átọ́mù wúrà tó wà nínú lọ́hùn-ún ní aládùúgbò 12, ìyẹn átọ́mù tó fara kàn án. Lórí ojú pẹrẹsẹ tí átọ́mù ti fún mọ́ra jù, ó ní 9. Nínú hóró tó ní ìrísí cuboctahedron (ìrísí tó ní igun 12), ti etí ní 7, ti igun ní 5 péré. Èyí tí aládùúgbò rẹ̀ ò pọ̀ ló máa ń di CO mú. Lórí pẹrẹsẹ, CO ò ní pẹ́ tó fi máa ṣí lọ. Hóró oní átọ́mù 55 ní igun 12. Oní 561 náà, igun 12 ni! Nínú gíráàmù kan, átọ́mù etí oní 3 rẹ yìí á fi ìlọ́po 16 pọ̀ ju ti oní 12 lọ, ti igun á fi ìlọ́po 64. 20 ò yà mí lẹ́nu.

Ṣadé K.: Òótọ́ ni Bàbá sọ, àmọ́ àbúrò mi, ṣé HAuCl₄ (èròjà wúrà tó ní chloride nínú) lo fi ṣe é? Chloride tó bá ṣẹ́ kù máa ń jẹ́ kí hóró wúrà so pọ̀ di ńlá nígbà tó o bá ń yan án, ó sì tún ń gba àyè tí CO ì bá jókòó sí. Wọn TiO₂ lásán náà, torí CO ń bà lé òun gan-an. Má sì pe gbígbà mọ́ra ní iṣẹ́ kátálíìsì o: onímọ̀ kẹ́míkà Goodman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 1998 pé nǹkan bí nánómítà 3 ni wúrà orí TiO₂ ti ń sun CO dáadáa jù. Èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. HAuCl₄ ni, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo sì fọ oní 12. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kán silver nitrate, tó máa ń rú funfun bí chloride bá wà, sínú omi tí mo fi ṣàn án: ó rú funfun lójú ẹsẹ̀. Ti oní 3 mọ́ gaara. Mo ń ṣe oní 12 tuntun lọ́la, n ó fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ ò fi ní rú mọ́, kí n tó gba 20 yẹn gbọ́.