Afárá tí mo ti yà, àti ìtàn tí mo bá lára wọn

Tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí afárá kan, mi ò kì í tètè yọ kámẹ́rà. Màá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn ín já dé òdìkejì, màá tún padà, màá máa wo ibi tí àwọn tó ń gbabẹ̀ lójoojúmọ́ ń dúró sí, ibi tí wọ́n ń fara tì, ibi tí òkúta tàbí irin ti ń dán nítorí ọwọ́ èèyàn. Àwọn kan á ní mò ń fàkókò ṣòfò, pé ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ kì í dúró de ẹnì kankan, òótọ́ sì ni, àmọ́ gbogbo fótò afárá tí mo yà tó wọ̀ mí lára, mo ti mọ ẹni tó kọ́ ọ, tàbí ẹni tó kú síbẹ̀, tàbí ẹni tó ń gbabẹ̀ lọ sílé kí n tó tẹ kámẹ́rà.

Mostar ní Bosnia ló kọ́kọ́ là mí lójú. Stari Most wà níbẹ̀ lórí odò Neretva, afárá òkúta tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, kò ní òpó kankan láàárín odò. Ọdún 1566 ni wọ́n parí ẹ̀ nígbà ìjọba Ottoman, Mimar Hayruddin ló kọ́ ọ, ó sì dúró ju 400 ọdún lọ, àfi ìgbà tí ogun dé, tí wọ́n yìnbọn ńlá lù ú títí tó fi ya lulẹ̀ sínú odò ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1993. Wọ́n tún un kọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣí i ní oṣù keje ọdún 2004, tí ẹ bá sì ń wò ó lókèèrè ẹ ò lè mọ̀ pé ó wó rí. Gbogbo ayé ló ń yà á láti etí odò nísàlẹ̀, tàbí láti mọ́ṣáláṣí Koski Mehmed Pasha, èmi náà yà á níbẹ̀, ó sì rẹwà gan-an. Ṣùgbọ́n bàbá kan jókòó nítòsí ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ ẹ̀ obìnrin, mo kí wọn, ọmọ yẹn ló ń bá wa túmọ̀, bàbá wá ní kí n jẹ́ káwọn rí ohun tí mo yà. Mo gbé kámẹ́rà fún wọn. Wọn ò sọ pé ó dáa tàbí kò dáa, ńṣe ni wọ́n ń fi ìka wá ibì kan lójú kámẹ́rà, wọ́n ní ibi báyìí làwọn ti máa ń bẹ́ sómi nígbà táwọn wà lọ́mọdé, pé kò sí ọmọkùnrin kan tó máa kọ́kọ́ bẹ́ látòkè, orí àpáta kéékèèké létí odò lèèyàn ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ọdún 1993. Wọ́n ní ohun tó le jù fáwọn kì í ṣe ariwo ọjọ́ yẹn, bí kò ṣe pé fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, táwọn bá ti yíjú síbẹ̀, ojú ọ̀run làwọn ń rí.

Mo padà sórí afárá, mo lọ dúró gangan níbi tí bàbá fi ìka kàn, mo dojú kámẹ́rà kọlẹ̀. Omi yẹn aláwọ̀ ewé, ó tutù lójú, ó jìn, òjìji afárá wà lórí ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òkúta tó funfun sì wọ igun fótò díẹ̀. Òun ni fótò Mostar tèmi. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ tún wo òkúta kékeré kan ní ìdí afárá náà, wọ́n kọ ọ́ sí i pé kí ẹ má gbàgbé '93, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọjá lára ẹ̀ láì wo ibẹ̀.

Ti Brooklyn ní New York yàtọ̀, torí pé kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n, fótò ẹ̀ sì ti pọ̀ ju iyanrìn lọ. Ohun tó jẹ́ kí n lè yà á ni ìtàn Emily Roebling. John Roebling tó ya àwòrán afárá náà, ọkọ̀ ojú omi ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́ èbúté lọ́dún 1869, ọgbẹ́ yẹn di àrùn ipá, ó kú. Ọmọ ẹ̀, Washington, gba iṣẹ́ náà, òun náà sì kó àìsàn tó ń mú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ odò nínú àpótí ńlá tí wọ́n ń fi atẹ́gùn lé omi kúrò nínú ẹ̀, kò lè dé ibi iṣẹ́ mọ́, ojú fèrèsé ló ti ń wò ó. Ìyàwó ẹ̀, Emily, ló wá ń lọ ń bọ̀ láàárín ọkọ ẹ̀ àti àwọn ẹnjiníà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó kọ́ nípa okùn irin, ó kọ́ ìṣirò ẹ̀, ó ń jíṣẹ́, ó ń dáhùn ìbéèrè, títí wọ́n fi ṣí afárá náà ní oṣù karùn-ún ọdún 1883. Orúkọ ẹ̀ wà lára irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kàn mọ́ òpó ńlá afárá náà. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́, mò ń wo àwọn tó ń kọjá, títí ìyá kan fi dúró ka ọ̀rọ̀ yẹn sókè fún ọmọ ẹ̀ obìnrin. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kò burú, mo yà wọ́n látẹ̀yìn, gbogbo okùn irin tó ń kọjá ara wọn lókè sì wà lórí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tó fẹ́ lọ ya Brooklyn lálẹ́, pé kí ẹ má gbé tírípọ́ọ̀dù, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, sórí afárá tí okùn irin gbé rọ̀, tí ẹ bá fẹ́ kí kámẹ́rà la ojú sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń kọjá ni ilẹ̀ ibẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ yín lè má mọ̀ ọ́n lára àmọ́ fótò á mọ̀ ọ́n. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ dúró sí.

Golden Gate ní San Francisco, kùrukùru ni gbogbo èèyàn ń wá lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn ló máa ń pọ̀ jù, orí òpó pupa méjì yẹn nìkan lẹ máa rí lókè ẹ̀. Àmọ́ èmi fẹ́ràn abẹ́ ẹ̀ jù, ní Fort Point, níbi tí èèyàn ti ń rí gbogbo irin tó so pọ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n ta àwọ̀n sábẹ́ irin yẹn kí òṣìṣẹ́ tó bá já bọ́ lè bọ́ sínú ẹ̀, àwọn èèyàn 19 ni àwọ̀n yẹn gbà là. Ní oṣù kejì ọdún 1937 ni pẹpẹ ńlá kan táwọn òṣìṣẹ́ ń dúró lé já, ó fa àwọ̀n náà ya, àwọn èèyàn 10 kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, oṣù díẹ̀ péré ló kù kí wọ́n ṣí afárá. Látìgbà tí mo ti mọ èyí, ìsàlẹ̀ ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ.

Genoa ní Ítálì ló wúwo jù lọ́kàn mi. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2018, òjò ń rọ̀, apá kan afárá Morandi já lulẹ̀, èèyàn 43 ló kú. Ọ̀pọ̀ yín á rántí fótò ọkọ̀ ẹrù aláwọ̀ ewé tó dúró ní etí ibi tó já gan-an. Afárá tuntun ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2020, Renzo Piano ló ya àwòrán ẹ̀, ó funfun, ó gún régé. Ìyá àgbàlagbà kan tí mo bá pàdé ní àfonífojì Polcevera sọ fún mi pé abẹ́ afárá àtijọ́ nilé àwọn wà, ìró ọkọ̀ lókè orí àwọn ni wọ́n fi ń sùn tí wọ́n fi ń jí, nígbà tí wọ́n wá ní kí gbogbo àwọn tó ń gbé lábẹ́ ẹ̀ kó kúrò, ìdákẹ́jẹ́ ibi tuntun kò jẹ́ káwọn rí oorun sùn. Mọ́mì na ìka sókè sínú afẹ́fẹ́, wọ́n ní ibẹ̀ yẹn ni fèrèsé ilé ìdáná àwọn wà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mo yà wọ́n bí wọ́n ṣe na ìka yẹn, afárá funfun lókè, mo sì tẹ fótò náà, mo fi ránṣẹ́ sí wọn, torí èmi gbà pé ẹni tó bá fún wa ní ìrántí ẹ̀, fótò yẹn tiẹ̀ ni kó tó jẹ́ tiwa.

Èyí tó wà lọ́kàn mi báyìí ni afárá Q'eswachaka ní Peru, lórí odò Apurímac. Koríko ni wọ́n fi hun ún látòkè délẹ̀, ọdọọdún ní oṣù kẹfà làwọn ará àdúgbò ibẹ̀ máa ń péjọ, wọ́n á lọ́ koríko di okùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á pa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ di okùn ńlá, wọ́n á gé ti àtijọ́ dànù sínú odò, wọ́n á na tuntun. Nígbà kòrónà, wọn ò lè ṣe é lọ́dún 2020, ó sì já ní oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n tún un hun ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà. Mi ò fẹ́ lọ yà á nígbà tó bá ti dúró tán. Ìgbà tí wọ́n ń lọ́ okùn ni mo fẹ́ wà níbẹ̀, kí n ya àwọn ìyá tó jókòó ti òkìtì koríko, kí n sì béèrè lọ́wọ́ wọn ẹni tó kọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ti dé ibẹ̀ lóṣù kẹfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń gba àlejò tó gbé kámẹ́rà wá, àti ẹni tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀.