Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ wá ṣe láyé nìyí?

Àbíkẹ́yìn: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo pé ọdún 34 ní oṣù tó kọjá. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, mo ń jẹun, ara mi le. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí láàárọ̀, ó máa ń ṣe mí bí ọmọ tí wọ́n rán lọ sí ọjà, tó dé iwájú ìsọ̀ tó sì gbàgbé ohun tí wọ́n ní kó rà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí tiyín, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún mi, ìrírí ni mo ń bèèrè.

Ọmọ Ìbàdàn: Ọmọ mẹ́ta ni mo ń rán ní ilé ìwé. Torí wọn ni mo ṣe ń jí.

Ìyá Aláró: Ọdún 19 ni mo fi jókòó sẹ́yìn káńtà báńkì l'Ékòó tí mò ń ka owó olówó. Nígbà tí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, orúkọ mi wà níbẹ̀. Àpótí kan ṣoṣo ni mo gbé délé l'Abẹ́òkúta, mo sì sunkún tó oṣù méjì. Ìyá màmá mi ṣì wà láyé nígbà náà. Ọjà Ìtòkú ni wọ́n ti ń ta àdìrẹ kí wọ́n tó bí mi, ọwọ́ wọn ti wá ń gbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ní, "Àlàkẹ́, wá bá mi di etí aṣọ yìí mú." A jọ fà á sókè nínú ìkòkò aró. Ẹ gbọ́, aṣọ yẹn kì í jáde ní dúdú o! Àwọ̀ ewé ló ní, bí ewédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Bí afẹ́fẹ́ ṣe kàn án báyìí, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di aró, ó ń rìn bọ̀ láti etí wá sí àárín níṣojú mi. Inú ilé yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo ti rí i nígbà àìmọye, n kò wò ó rí. Ìyá àgbà ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ní ká tún un rì. Láti ọjọ́ náà n kò kọ̀wé wáṣẹ́ mọ́. Èékánná mi dúdú títí di òní. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ mi pamọ́ sábẹ́ ìborùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. N kì í fi pamọ́ mọ́.

Ẹ̀gbá Pọ́ńbélé: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹ̀kọ lẹ fi ń ya àrà sára àdìrẹ yín, kí aró má baà wọ ibẹ̀, àbí láfún? Ìyá tiwa ní ẹ̀kọ gidi ni.

Ìyá Aláró: Láfún ni, ọmọ mi, pẹ̀lú álọ́ọ̀mù. Orúkọ lásán ni "àdìrẹ ẹlẹ́kọ" tí wọ́n ń pè é.

Ọmọ Ìbàdàn: Páànù tí wọ́n gé ni ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta fi ń tẹ láfún mọ́ aṣọ. Àwọn ìyá wa n'Ìbàdàn, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń fọwọ́ yà á. Ẹ wo Ìbàdàndùn, ọ̀kan nínú àwọn àrà àdìrẹ wọn: òpó gbọ̀ngán Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929 wà lára rẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín àwọn òpó náà.

Ẹ̀gbá Pọ́ńbélé: Àwọn bàbá wa ló ń gé páànù yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ lòun náà, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ mi.

Ọmọ Òkè Òkun: Ìṣirò owó ni mo kà n'Ífẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru, ojú sì máa ń tì mí láti sọ ọ́ fún àwọn ará ilé. Wọ́n gbé ìyá kan wá, ọmọ Yorùbá, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Àìsàn ìgbàgbé ti gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu wọn, Yorùbá nìkan ló ṣẹ́kù. Àwọn tó ń tọ́jú wọn kọ ọ́ sínú ìwé pé ariwo ni wọ́n ń pa lóru. Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá wọn, "Gìgísẹ̀ ń ta mí" ni wọ́n ń wí. Mo ṣí aṣọ tí wọ́n fi bora. Gìgísẹ̀ òsì ti bó níbi tó fara ti bẹ́ẹ̀dì, ojú egbò náà pupa. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ti ń sọ ohun tó ń ṣe wọ́n, ẹnìkan ò gbọ́. Mo pe nọ́ọ̀sì, a tọ́jú rẹ̀. Mo wá bèèrè oríkì wọn, wọ́n ní Àjíkẹ́. Mo ní, "Màmá, Àjíkẹ́, ẹ sùn ire o." Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò jẹ́ kí n lọ.

Ìyá Aláró: Omi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ mẹ́rin!

Rewáyà: Màmá mi wà ní Houston lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n tán báyìí.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Bí wọ́n bá fún yín níṣẹ́ ìṣirò owó lọ́la, ṣé ẹ ò ní fi iṣẹ́ òru yẹn sílẹ̀?

Ọmọ Òkè Òkun: Wọ́n ti fún mi lọ́dún tó kọjá, mo sì gbà á nítorí owó ilé. Ṣùgbọ́n alẹ́ Jímọ̀, mo ṣì ń lọ. Màmá náà ti kú. Bàbá kan wà níbẹ̀ báyìí, ará Gánà, òun náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. N kò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo ń kọ́ ọ.

Bàbá Olùkọ́: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rántí ìtàn Afùwàpẹ́ nínú Ogbè Ògúndá, odù Ifá kan. Àwọn mẹ́ta ló ń lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀, ẹni tó ń mọ orí ẹ̀dá. Oríṣẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè ò yà síbì kan, wọ́n gbé èyí tó wù wọ́n lójú, òjò pa á lọ́nà, ó bó. Afùwàpẹ́ yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó mú iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fi iyọ̀ hàn án. Oníbodè náà mú un dé ilé Àjàlá. Àjàlá ti sá gun àjà nítorí olówó, Afùwàpẹ́ bá a san gbèsè. Ìgbà náà ni Àjàlá fúnra rẹ̀ bá a mú orí tó le.

Ayọ̀ Nínú Olúwa: Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi dá mi, kì í ṣe Àjàlá. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ 21 lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò gbọ́ ohùn kankan. Ọjọ́ kejì tí mo ṣínu, ọmọ aládùúgbò mi wá ní kí n kọ́ òun ní ìṣirò. Wọ́n ti di mọ́kànlá báyìí.

Bàbá Olùkọ́: Ìwọ náà ti pàdé oníbodè nìyẹn.

Rewáyà: Bọ́ọ̀lù ni tèmi. Orúnkún mi yẹ̀ ní 2011, kò sì tíì sí ohun tó rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀gbá Pọ́ńbélé: Ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, ẹ̀gbọ́n.

Rewáyà: Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dé ẹ̀gbẹ́ pápá, ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ ni. Kò tíì yá mi.

Ìyá Aláró: Kò pọn dandan kó yá lónìí, ọmọ mi.

Àbíkẹ́yìn: Ìyá wa, Ṣágámù ni mo wà. Ṣé mo lè wá bá yín di etí aṣọ mú ní Sátidé?

Ìyá Aláró: Máa bọ̀. Wọ aṣọ tó ti gbó, kí o sì jẹun kúrò nílé. Aago méje la máa ń bẹ̀rẹ̀.