Mo nílò lẹ́tà olùkọ́ méjì, àwọn olùkọ́ mi kò sì mọ̀ mí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Kọ́lẹ́jì ọlọ́dún méjì ni mo wà ní Maryland níbí, mo sì fẹ́ bọ́ sí yunifásítì lọ́dún yìí. Méjì nínú àwọn tí mo fẹ́ kọ̀wé sí ní kí olùkọ́ méjì kọ lẹ́tà nípa mi, ọjọ́ 1 oṣù kẹta ni wọ́n máa pa ìwé dé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kíláàsì mi. Máàkì A ni mo gbà nínú ìṣirò àti bàọ́lọ́jì, àmọ́ kò sí olùkọ́ tó lè dá mi mọ̀ lójú títì. Ojú ń tì mí, n kò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ alẹ́. Mo mọ bó ṣe máa ń ṣe àwa tá a ti ilé wá, ẹ̀rù olùkọ́ kì í tètè kúrò lára wa. Níbí, wọ́n ka lẹ́tà kíkọ mọ́ iṣẹ́ wọn. Olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà máa ń ní wákàtí tó fi ń rí akẹ́kọ̀ọ́ lórí Zoom. Lọ bá a níbẹ̀, kí o mú iṣẹ́ kan tí o ṣe fún un dání, pàápàá èyí tó kọ ọ̀rọ̀ sí etí rẹ̀. Bí èmi ṣe ṣe é nìyẹn. Olùkọ́ mi kò rántí orúkọ mi, àmọ́ bó ṣe rí ìwé yẹn báyìí, ó rántí gbogbo ohun tí mo kọ. Kí o wá bi í bóyá ó lè kọ lẹ́tà tó dáa fún ẹ. Bó bá ń fà sẹ́yìn, dúpẹ́, kí o wá ẹlòmíràn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, California
Kọ́kọ́ ka ohun tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. University of California kì í ní kí irú wa tó ń ti kọ́lẹ́jì bọ́ sí yunifásítì mú lẹ́tà wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Èmi ò mọ̀, mo ti yọ olùkọ́ méjì lẹ́nu lásán. Ní ti Common App, ìkànnì tí a fi ń kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ yunifásítì, ímeèlì olùkọ́ lo máa fi síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa fi lẹ́tà ránṣẹ́. Wọ́n á bi ẹ́ bóyá o yááfì ẹ̀tọ́ tí FERPA, òfin àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti 1974, fún ẹ láti ka lẹ́tà náà. Yááfì rẹ̀. Lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè yọjú wò ni wọ́n máa ń gbà gbọ́ jù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o kọ ọ́ fúnra rẹ kí òun fọwọ́ sí i, má gbà.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ìṣirò mi ti fi kọ́lẹ́jì sílẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Houston
Bi akọ̀wé ẹ̀ka ìṣirò, kí wọ́n bá ẹ fi ọ̀rọ̀ rẹ ránṣẹ́ sí i. Lónìí ni o, má dúró di oṣù kejì.

Ẹni tó béèrè
Mo ti kọ̀wé sí akọ̀wé. Ti bàọ́lọ́jì ti dáhùn: ó ní kí n wá lórí Zoom lọ́jọ́bọ̀, kí n mú iṣẹ́ tí mo ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ ríru dání.