Píkóòpù 504 bàbá mi ti wà lábẹ́ igi máńgòrò láti 2011, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìdí-Ayunrẹ́:
Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, n ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò ju kí n wọlé, kí n kíìkì, kí n máa lọ. Bàbá mi ní Píjò 504 píkóòpù kan tí wọ́n rà ní tuntun ní 1988. Kòkó ni wọ́n fi ń kó wá sí Ìbàdàn. Ní 2011 ó dákẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n fi okùn wọ́ ọ wálé, àtìgbà náà ló ti wà lẹ́yìnkùlé. Bàbá ti dàgbà, wọn ò wakọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ti wálé báyìí, wọ́n á ní kí n bá àwọn nu gíláàsì rẹ̀.

Mo pe mẹkáníìkì àdúgbò. Kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi ní kí n ju ẹ́ńjìnnì yẹn nù, kí òun bá mi fi ti Toyota síbẹ̀. Páánẹ́lì-bítà tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù ní tòun, ọ̀dà ni ká kọ́kọ́ fín sí i kí òjò tó dé. Ọ̀kan fẹ́ gba ẹ́ńjìnnì mi, èkejì fẹ́ gba owó mi.

Owó ọ̀hún gan-an ò pọ̀, oṣooṣù ni mo fẹ́ máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe èyí tí mo bá lè ṣe. Ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ dírẹ́bà ti dá ihò, mo ń rí koríko láti orí àga. Mo fi bàtìrì tuntun sí i, ó kàn dún “kọ́” lẹ́ẹ̀kan ni, kò yí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Àgbà Gate:
Àbúrò, yọ bàtìrì yẹn kúrò ná. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti há, tí o wá ń fi sítátà lù ú, sítátà lo máa jó, o sì lè dá ríìngì sínú rẹ̀.

Tú pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Po ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́ díséẹ̀lì lọ́gbọọgba, da ṣíbí ìjẹun méjì-méjì sí ihò kọ̀ọ̀kan, fi àkísà bo ojú rẹ̀, kí o sì fi í sílẹ̀. Kì í ṣe wákàtí kan o! Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Tó bá mu ún tán, da òmíràn sí i. Lẹ́yìn náà kí o fi sípánà ọlọ́wọ́ gígùn sí nọ́ọ̀tì ńlá tó wà níwájú kíráńkì. Fà á síwájú díẹ̀, dá a padà díẹ̀, bí ẹni ń mi eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Tí o bá lérí pé dandan ni kó yí lónìí, nǹkan kan á já.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí o mọ̀. Sílíìfù ẹ́ńjìnnì yìí, ìyẹn páìpù irin tí pístọ̀nù ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀, inú omi ló dúró sí. Sílíìfù mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, omi rédíétọ̀ ń ṣàn kiri ẹ̀yìn wọn, síìlì ló dí ìsàlẹ̀ wọn, tópù sílíńdà, ìdérí ẹ́ńjìnnì, ló tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ látòkè. Tí wọ́n bá yọ tópù, tí ẹnì kan wá yí ẹ́ńjìnnì láìfi nǹkan de sílíìfù mọ́lẹ̀, sílíìfù á gbéra, síìlì á ṣí, omi á gba ibẹ̀ wọnú ọ́ìlì. Iṣẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì lásán á di iṣẹ́ odindi ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú tópù rẹ láìnídìí.

Àlàó Ìkòròdú:
Èmi yóò sọ òótọ́ o, kí ẹ má bínú. Ẹ́ńjìnnì Toyota tòkunbọ̀ ló wà nínú tèmi, ọdún karùn-ún rèé, n ò kábàámọ̀. Lóòótọ́, wọ́n gé ìjókòó ẹ́ńjìnnì, wọ́n gé púrópẹ́là, wọ́n tún un jó, ó sì gbọ̀n tìtì fún oṣù méjì kí a tó rí ẹni tó bá mi tò ó gún. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Àgbà Gate:
Àlàó, ìwọ fẹ́ mọ́tò tí yóò máa kó pákó. Ọmọ yìí fẹ́ mọ́tò bàbá rẹ̀. Ṣé o ti yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì nínú ìwé ọkọ̀ rẹ ṣá?

Àlàó Ìkòròdú:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀ 😂

Ìyá Sípéà:
Ọmọ mi, kí o tó ra ohunkóhun, lọ wo ara búlọ́ọ̀kù, kí o ka lẹ́tà tó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ XM7, ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 nìyẹn, pístọ̀nù rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 84. Tó bá jẹ́ XN1, 2.0 ni, 88 ni tiẹ̀. Àwọn oníbàárà á dé, wọ́n á ní “ẹ fún mi ní tópù gásíkẹ́ẹ̀tì 504”, èmi á ní ti èwo? Wọ́n á máa wò mí. Ìgbà tí wọ́n bá délé tí ihò rẹ̀ ò bá ti sílíìfù mu, wọ́n á ní Ìyá Sípéà ta gbàrọgùdù fún àwọn.

Ohun tí o bá tú, gbé e dání wá sọ́jà. Láti 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò ní Kàdúná, páátì rẹ̀ kò wọ́n bí ẹ ṣe rò, yálà ní Gate níbí tàbí ní Ládípọ̀. Ti inú ẹ́ńjìnnì rọrùn láti rí. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn àti iná ẹ̀yìn ló máa jẹ́ kí o rìn.

Ará Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìjókòó o, láti Àjàṣẹ́ ni mo ti ń kí yín. Bâchée ni gbogbo ayé ń pè é lọ́dọ̀ wa, nítorí tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi ti tún méjì ṣe. Èyí àkọ́kọ́, ọ̀dà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó dán bíi bàtà ọjọ́ ọdún. Oṣù kẹrin, wẹ́dà fi iná gún un nísàlẹ̀, gbogbo ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hó bí àkàrà.

Wá máágínẹ́ẹ̀tì kékeré, fi aṣọ wé e, máa fi ra ara rẹ̀ kiri. Ibi tí kò bá ti mú irin, pọ́tì ni wọ́n fi dí i. Lẹ́yìn náà kí o wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn píkóòpù yìí, lífù, àwọn sípíríìngì pẹlẹbẹ tó tò léra, ló gbé e, kì í ṣe kọ́ìlì bíi ti sàlúùnù. Ibi tí lífù ti so mọ́ ṣáṣí ni kí o fi sukudiráfà gún dáadáa. Tó bá wọlé, gbàgbé ọ̀dà, gbàgbé ẹ́ńjìnnì, wẹ́dà gidi lo nílò. Ihò ẹsẹ̀ dírẹ́bà ò tó ẹ̀rù rárá, páálí irin kan ni.

Rewáyà Abẹ́òkúta:
Kí wẹ́dà tó tan iná, yọ orí bàtìrì, kí o yọ wáyà ọ́tánétọ̀, kí o sì sọ táńkì epo kalẹ̀ pátápátá. Táńkì tó ti gbẹ gan-an ló burú jù, afẹ́fẹ́ epo ló ń bú gbàmù. Mo ti rí i rí, irun ojú ọ̀gá náà ò tíì hù dáadáa títí dòní. Ẹ wo wáyà abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù náà, eku fẹ́ràn ibẹ̀.

Búréèkì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Họ́ọ̀sì rọ́bà àti sílíńdà ẹ̀yìn, má wulẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò, pààrọ̀ wọn. Ó yẹ kó lè dúró kó tó máa lọ.

Ọmọ Ìdí-Ayunrẹ́:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé. XN1 ni. Sukudiráfà ò wọ ṣáṣí, àfi apá òsì níwájú tí ó bó díẹ̀. Nínú fílítà afẹ́fẹ́, ilé eku ni mo bá: háhá àgbàdo, òwú àga, àti ègé ìwé kan tó jọ rìsíìtì kòkó. Mo da ọ́ìlì sí i bí Àgbà Gate ṣe wí. Ọjọ́ kẹfà, mo fa sípánà, ó sún bí ìbú ìka kan. Mo dá a padà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti yí po lẹ́ẹ̀méjì! Bàbá mi tí wọ́n jókòó sórí àpótí ní, “Rọra, kò jà ẹ́ lólè.”

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, omi ló kọ́kọ́ dà. Omi pupa, ó tó ife méjì, kí ọ́ìlì tó wá tẹ̀lé e, ó funfun bí ẹ̀kọ mímu. Mo bi Bàbá léèrè, wọ́n ní lóòótọ́, ó hó lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn kó tó dákẹ́.

Àgbà Gate:
Ìyẹn ni mo ń pè ní ìdí. Ó ti gbóná jù, tópù ti lè tẹ̀, tàbí kí síìlì sílíìfù ti jẹrà. Báyìí la lè tú u. Má yí i mọ́ rárá. Wá irin pẹlẹbẹ méjì àti bóòtù gígùn mẹ́rin tí yóò wọ ojú ihò tópù, òun la máa fi de sílíìfù mọ́lẹ̀ kété tí tópù bá ti kúrò. Tópù fúnra rẹ̀, gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá a, kí wọ́n fi rúlà wò ó níwájú rẹ. Ọjọ́ Sátidé mo máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù di aago mẹ́rin. Mú Bàbá dání tí ara wọn bá gbé e.